Ọjọ́ Tí Bàbá Ẹ-Dúró-Ná Dìde

Ohun tí gbogbo ayé fi mọ Bàbá Ẹ-Dúró-Ná ni pé ó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lójú gbogbo ìlú, ó sì dìde.

Nígbà yẹn, eré orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí àwọn òṣèré bá ṣe ń ṣe é ní sítúdíò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará ilé ń wò ó. Ẹni tó bá húkọ́, gbogbo ìlú ló gbọ́. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, kò sí ibi tó fẹ́ sá sí. Bàbá náà ló ń ṣe onílé nínú eré kan tó ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Onílé ahun ni, alásọ̀ ni, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí pẹ̀lú fìlà gígùn lórí, tó ń ṣọ́ ayálégbé tó bá ṣí ẹ̀rọ omi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ti kọ ọ́ sínú eré pé onílé máa kú, kí eré sì parí síbẹ̀. Bàbá ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó ti ṣàìsàn rẹ̀ dáadáa, ó sì ti mí èémí ìkẹyìn tó gùn débi pé olùdarí eré ní láti ju ọwọ́ sí i lẹ́yìn kámẹ́rà pé ó tó. Dókítà fa aṣọ funfun bò ó lójú. Àwọn ayálégbé yí ibùsùn ká, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé. Ọ̀kan ní òun ló ni pálọ̀. Èkejì ní ẹ̀rọ omi ni tòun. Ẹ̀kẹta na ọwọ́ sí fìlà tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Èmi ò fẹ́ yàrá. Fìlà yìí ni kẹ́ ẹ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ funfun mì. Òkú dìde jókòó.

"Ẹ dúró ná!"

Ẹni tó mú fìlà jù ú sílẹ̀ bí ẹni pé iná ló fọwọ́ kàn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé eré fún irú nǹkan báyìí, nítorí ojú ìwé tó kẹ́yìn ni wọ́n wà. Dókítà, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí ohùn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ti kú."

Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ pe dókítà mìíràn wá."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kámẹ́rà. Òṣèré kì í wo ojú kámẹ́rà nígbà náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ó wò ó tààrà, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe ohùn onílé ló fi sọ ọ́. "Mo wà níbí o. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ lọ jẹun." Ó gbé fìlà rẹ̀ dé. Àkókò eré ti tó, wọ́n pa iná.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Eré tó yẹ kó parí nírọ̀lẹ́ yẹn sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, nítorí onílé kò kú, ẹ ò sì lè pín ilé ẹni tí kò kú.

Lára àwọn tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ fótógíráfà àdúgbò, ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, nírọ̀lẹ́ yẹn ni ọmọbìnrin káfíńtà kan wà. Òun àti bàbá rẹ̀ ló wá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ìyá ọmọ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibi ìsìnkú dé ni káfíńtà ti dákẹ́. Á lọ síbi iṣẹ́, á kan àga, á bọ̀, á jókòó, á máa wo ògiri. Bí ọmọ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó. Fótógíráfà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ ọ wá síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n fa aṣọ funfun bo onílé lójú, ọmọ náà rí bàbá rẹ̀ tó gbé ojú kúrò. Aṣọ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fà bo ìyá rẹ̀. Nígbà tí òkú wá dìde jókòó, tó ní kí wọ́n pe dókítà mìíràn, ẹ̀rín kan jáde láti inú káfíńtà tó ba gbogbo èèyàn lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, ó sunkún títí ẹkún fi tún padà di ẹ̀rín. Ọmọ náà di orúnkún rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé bàbá òun ti padà sílé.

Lójú ọ̀nà, káfíńtà dúró lójijì.

"Ta ló ní kó lọ jẹun?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Onílé yẹn. Ó ní, 'Ẹ lọ jẹun.' Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá yẹn, mi ò rí ẹni tí ebi ń pa níbẹ̀. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọmọ ní òun ò mọ̀. Bàbá ní òun náà ò mọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n délé, ó jẹun, ó sì fọ abọ́.

Bí ìfẹ́ ọmọ káfíńtà sí Bàbá Ẹ-Dúró-Ná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì dínkù nígbà tó dàgbà, tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó sì mú bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá kò gba iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n tiwọn. Ìrọ̀lẹ́ tí eré bá fẹ́ wáyé, bí gómìnà ló bá wá gba aṣọ, yóò bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Káfíńtà á ti jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ọ̀sẹ̀ gbogbo ni ẹ̀rín yẹn ń jáde, kì í sì í jáde fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ aláwàdà ló wá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ṣubú àti àwọn tó ń ya ẹnu. Káfíńtà á wò wọ́n bí ẹni ń wo pákó tí ikán ti jẹ.

Ìtàn Bàbá Ẹ-Dúró-Ná tí aránṣọ mọ̀ pọ̀ ju iye aṣọ tó rán lọ. Ó mọ̀ pé ayálégbé ni bàbá náà fúnra rẹ̀, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àmọ́ onílé gidi ni àwọn èèyàn rò pé ó jẹ́. Obìnrin kan dá a dúró lójú pópó, ó bú u dáadáa lórí òrùlé tó ń jò. Bàbá ní òun kọ́ ló ni ilé náà. Obìnrin ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá ní kó mú òun lọ sọ́dọ̀ onílé rẹ̀. Onílé ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹni tó dúró, ó sì ṣí fìlà lórí. Ó rò pé ọ̀gá gbogbo onílé ló wá bẹ òun wò. Wọ́n tún òrùlé ṣe lọ́sẹ̀ náà.

Onílé ti Bàbá fúnra rẹ̀ gan-an ò lè bá a wí. Bó bá gòkè wá láti ṣàròyé pé ariwo pọ̀, Bàbá á ṣílẹ̀kùn, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Kí lo wá ṣe nínú ilé mi?" Onílé á tọrọ àforíjì, á sọ̀ kalẹ̀. Ó di ìgbà tó bá dé ìsàlẹ̀ kó tó rántí pé òun ló kọ́ ilé.

Èyí tó wá dùn jù ni èyí tó ṣojú aránṣọ fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ẹ-Dúró-Ná tìkára rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́, ó ní ó ti tóbi jù, kó bá òun dín in kù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí aránṣọ ti ń kó pa mọ́ láti kékeré pé òun máa sọ fún un sá lọ, èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni èyí tó mọ́ ọn lẹ́nu jù lọ.

"Ẹ wá gbà á lọ́la, sà."

Bàbá fojú kékeré wò ó. "Ọ̀la tèmi ni àbí ọ̀la ti télọ̀?"

"Ọ̀la... ọ̀la náà ni, sà."

"Télọ̀ tí mo gbé e fún kẹ́yìn, ọ̀la tiẹ̀ ò tíì mọ́ títí dòní." Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. "Ẹ-Dúró-Ná ni wọ́n ń pè mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, ojú fèrèsé ti kún. Awakọ̀ kan pa mọ́tò sáàárín ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀ wá wò. Àwọn tó wà lẹ́yìn fun fèrè, àwọn náà gbọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, àwọn náà sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ń bójú tó iṣẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi: "Òwú yẹn ò ti dúdú jù? Ṣé ó yẹ kí ẹ̀rọ yẹn máa dún bẹ́ẹ̀? Bí ayálégbé mi ló ń dún báyìí, mo ti lé e jáde." Nígbà tó parí, ó fọ̀wọ̀ gbé ṣòkòtò fún un. Bàbá wọ inú yàrá kékeré lọ wọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi," ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn aṣọ títa, "ṣé ẹsẹ̀ kan lo fẹ́ kí n máa fi rìn ni?"

Aránṣọ ti rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan pa pátápátá. Ẹ̀rín tí wọ́n rín níta, àwọn ará òpópónà kejì gbọ́. Nígbà tó ń tú u ni ojú tó ń tì í mú kó sọ òótọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ kó mi láyà jẹ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín fún ẹlòmíràn àfi ẹ̀yin."

Bàbá Ẹ-Dúró-Ná yọ orí síta láti ẹ̀yìn aṣọ títa.

"Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń jẹ ẹ́, sà. Bó bá ti wò yín tán."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo wà. Ní kó máa jẹun."

Aránṣọ fò délé. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ ya ṣòkòtò náà sínú afẹ́fẹ́ fún un, ó fi ẹsẹ̀ kan fò káàkiri pálọ̀. Káfíńtà gbọ́ ọ dópin.

"Irọ́ télọ̀," ó ní.

"Bàbá, mo fi ojú mi rí i!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé aṣọ ti ṣetán nígbà tẹ́ ẹ ò tíì gé e. O ní ó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Kò gbà á gbọ́ láéláé. Gbogbo àdúgbò jẹ́rìí, ó ní torí pé wọ́n jẹ ọmọ òun ní gbèsè aṣọ ni wọ́n ṣe ń gbè é.

Nígbà tó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, tẹlifíṣọ̀n gbé àwòrán Bàbá Ẹ-Dúró-Ná síta pẹ̀lú fìlà gígùn rẹ̀, wọ́n ní ó ti dágbére fáyé. Ó ti dàgbà, ó sùn ni kò jí. Aránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sáré wálé, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni bàbá rẹ̀. Ó bá a lórí àga, ojú rẹ̀ wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá, ẹ ti gbọ́?"

"Dúró ná," ni káfíńtà wí. "Ó máa dìde."

Aránṣọ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Kò sì jẹ́ tuntun ládùúgbò, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tó ń fá irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní kò sí ohun tó jọ ọ́, eré tuntun ni wọ́n fẹ́ gbé jáde. Ọ̀kan ní kí ẹnì kan ṣáà mú fìlà rẹ̀, wọ́n á rí i bó ṣe máa dìde. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, olúkúlùkù mí kanlẹ̀, wọ́n gba kámú. Káfíńtà nìkan ló kù. Aránṣọ gbé oúnjẹ wá, bàbá ní kó gbé e sórí tábìlì, bí ọkùnrin náà bá dìde òun á jẹ ẹ́. Oògùn rẹ̀ kò ṣe é lò láìjẹun, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kìlọ̀. Ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú.

"Bàbá, eré nìyẹn. Èyí kì í ṣe eré."

"Lọ́jọ́ yẹn náà, dókítà ló sọ pé ó kú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu kan nǹkan. Tèmi lẹ rò."

Káfíńtà na ọwọ́, ó fi kan orí rẹ̀ bíi pé ọmọ kékeré ṣì ni. Kò jẹun. Inú aránṣọ bà jẹ́. Ó mọ ohun tí bàbá òun ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá náà rí tó dìde lábẹ́ aṣọ funfun láyé rẹ̀, bí ẹni yẹn náà kò bá dìde mọ́, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dìde. Ẹ̀rù bà á pé àga yẹn ni bàbá òun máa jókòó sí títí tí yóò fi kú.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Ó fẹ́ rí ẹni tó rí ọkùnrin náà gbẹ̀yìn, kó lè mú ọ̀rọ̀ ẹnu onítọ̀hún wálé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ kò já mọ́ nǹkan.

Yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà kún fọ́fọ́. Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà débi tí aránṣọ ń wá ibi tó máa fi tirẹ̀ sí. Fìlà gígùn náà wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyàwó olóògbé, ìyá arúgbó kékeré kan, jókòó sábẹ́ rẹ̀. Olùdarí eré àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe dókítà lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀, ó ti hewú báyìí. Òǹkọ̀wé eré ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Ọdọọdún ni mo ń wá bí mo ṣe máa pa á," ó ní. "Mo lọ bá a, mo ní, 'Bàbá, ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, ojú oorun.' Ó ní rárá. Mo ní kó dákú nígbà náà. Ó ní, 'Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ omi mi?' Mo ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi tèmi ṣe é kí òun wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀fìnkìn la fẹnu kò sí."

"Ọ̀fìnkìn náà," ni olùdarí gbà á lẹ́nu rẹ̀, "ó ní òun ló máa sọ ìgbà tóun máa sín."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kan nídìí ògiri ní, "Ẹ rọra o, ọ̀fọ̀ la wá ṣe."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín," ni ìyàwó olóògbé wí. "Bó bá jẹ́ pé ẹkún ló fẹ́ràn ni, iṣẹ́ mìíràn ni ì bá ṣe."

Aránṣọ kí wọn kú ìrójú, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Ó sọ ti ìyá rẹ̀ àti ti aṣọ funfun. Ó sọ ti àga, ti oúnjẹ tó ń tutù lórí tábìlì. "Ó ní ó máa dìde," ó ní. "Màmá, kí ló tiẹ̀ mú wọn dìde lọ́jọ́ náà? Bí mo bá mọ̀ ọ́n, bóyá màá lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

"Fìlà ni," ni òǹkọ̀wé wí.

"Kì í ṣe fìlà," ni dókítà wí. "Ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́! Títí dòní, bí mo bá wọ ọjà, 'Ẹ lọ pe dókítà mìíràn' ni wọ́n fi ń kí mi."

"Orí kunkun ni," ni olùdarí wí. "Ìgbéraga gbáà."

Ìyàwó olóògbé ń mi orí. Ẹ̀rín kékeré kan wà létè rẹ̀.

"Ìyá ẹ̀ ni," ó ní.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ìyá ọkọ mi ò gbà pé eré ń jẹ́ eré. Ohun tó bá rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kí ọkọ mi tó ṣe onílé, ó ṣe olè nínú eré kan, ọlọ́pàá gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ẹ̀ ti dé ẹnu géètì iléeṣẹ́ yín tòun ti oúnjẹ àti aṣọ ìbora, ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá ọlọ́pàá, ọmọ òun ò jalè rí."

"Mo rántí ìyá yẹn!" Olùdarí gbá itan. "Wọ́n ní kó máa lọ, ó ní òun ò kúrò àfi kó jẹun lójú òun!"

"Ó jẹ ẹ́ lójú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sọ eré fún un. 'Ìyá mi, wọ́n máa nà mí lọ́sẹ̀ yìí o, àmọ́ kì í ṣe òótọ́.' Ìyá ẹ̀ á ní, 'Sọ fún wọn kí wọ́n rọra nà ọ́.' Ọ̀sẹ̀ tó máa kú yẹn, iṣẹ́ pọ̀, kò ráyè lọ. Ó gbàgbé. Ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bò ó tán ló rántí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó mọ̀ pé ìyá òun wà níwájú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò, kò tíì jẹun, nítorí kì í jẹun àfi tó bá rí i tó jáde láyọ̀. Ó ní òun dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń pín yàrá lókè orí òun, ìyá òun sì ń sunkún òun nílé. Ó ní òun ò lè fara dà á."

"Fìlà wá ńkọ́?" ni òǹkọ̀wé béèrè.

"Fìlà ṣèèṣì bọ́ sí i ni. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́, ìyá òun ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Òun ló yan iṣẹ́ ẹ̀rín, ìyá òun kọ́."

Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé rọra ní, "Ìdí tó fi wá bá mi nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ tó wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, 'Mo ti ṣetán. Ẹ lè pa mí báyìí.' Èmi tí mo ti ń wá ikú rẹ̀ kiri! Mo jókòó ti bébà. Mi ò lè kọ ọ́."

Ìyàwó olóògbé di ọwọ́ aránṣọ mú. "Lọ sọ fún bàbá rẹ, ọmọ mi. Ojú mi ló ṣe. Orí ìrọ̀rí ẹ̀ ló wà, ojú ẹ̀ tutù. Ó ti lọ."

Nígbà tó délé, oúnjẹ ṣì wà lórí tábìlì, abọ́ dé e lójú. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, káfíńtà kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ibi tó máa ń jókòó sí láti kékeré, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ti olè, ti ìyá tó dúró lẹ́nu géètì, ti ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀.

Káfíńtà kò wò ó. "Irọ́ télọ̀," ó ní, àmọ́ kò le lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá. Ẹ̀yin lẹ bi mí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ta ni ebi ń pa."

"Mo wà níbí o," bàbá rẹ̀ rọra sọ ọ́. "Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ lọ jẹun." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìyá ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá wọn ni."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ibi gbogbo ni mo ti wá ẹni tí ebi ń pa nínú eré yẹn. Àṣé ilé ló wà!" Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gbìyànjú láti jáde, ó tún padà. "Ìyá náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ tipẹ́, Bàbá."

Káfíńtà rò ó. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde fún mọ́ nìyẹn," ó ní. "Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló wà. Kó sinmi." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ìyá tìẹ náà, kó sinmi."

Ó mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Ó fa tábìlì sún mọ́ ara, ó ṣí abọ́ lójú oúnjẹ.

"Ó ti tutù," ni aránṣọ wí, ó sì na ọwọ́ gbà á. "Ẹ dúró ná, kí n lọ gbé e kaná."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín yẹn wá jáde, ẹ̀rín ọjọ́ náà gan-an, tó fi di abọ́ mú kó má baà dà nù. Aránṣọ fi orí lé orúnkún rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń sunkún.

"Má gbé e kaná mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ní ká lọ jẹun."